Kí Ẹ Tó Gbé Owó Àjọ Lọ Ra Kọ̀ǹpútà

 Ẹ̀yin ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé àti ẹ̀yin abiyamọ, ọ̀rọ̀ ìnáwó ni mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí. Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá kó àjọ, aṣọ, ìkòkò tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó máa ń fi rà. Lóde òní, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń béèrè lọ́wọ́ mi ni kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní láàpútọ́ọ̀pù. Òun ni olùkọ́ fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, òun ni aránṣọ fi ń tọ́jú orúkọ àti ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀, òun ni ìyá ọmọ tí ó padà sí ilé ìwé fi ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá sùn. Kì í ṣe ohun afẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wa yóò sì ná irú owó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bí a bá ra èyí tí kò yẹ, orí tábìlì ni yóò wà, tí a ó máa wò ó bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun lọ.

Ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin ni ó mú kí n ronú lé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Ó ti bí ọmọ méjì, èyí àbúrò kò tíì pé ọdún méjì, ó sì tún ń kàwé ní National Open University, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó gba abiyamọ láyè láti máa kẹ́kọ̀ọ́ láti inú ilé rẹ̀. Títí di ìgbà náà, fóònù ni ó fi ń ka ìwé, òun náà ni ó fi ń kọ iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ bá fún un. Ojú ń ro ó, ọrùn ń dùn ún. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni ó fi dá àjọ, kò sì fi kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ ra aṣọ ọdún. Nígbà tí owó náà dé ọwọ́ rẹ̀ ni ó tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dé Ìkẹjà. Mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà.”

Mo ní, “Irú èwo, ìyàwó mi?”

Ó ní, “Èyí tó bá ṣáà ti dára ni, mà.”

Mo ní kí ó jókòó ná. Obìnrin kì í wọ ọjà ata kí ó ní èyí tó bá dára ni òun fẹ́. Yóò ti mọ̀ bóyá rodo ni tàbí tàtàṣé, yóò sì ti mọ iye ẹnu tí ọbẹ̀ náà yóò kàn. Ẹni tí ó bá dé iwájú ọlọ́jà tí kò mọ ohun tí òun fẹ́, ọlọ́jà ni yóò bá a mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó sì dára lójú ọlọ́jà ni èyí tí ó ti pẹ́ jù lórí àtẹ.

A mú bébà, a kọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà náà ṣe sílẹ̀, a kò ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fi tiwọn ṣe sí. Kíka ìwé àti kíkọ iṣẹ́ fásitì. Wíwo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Títẹ ìbéèrè ìdánwò fún kíláàsì rẹ̀, tí ti èdè Yorùbá wà lára rẹ̀. Àti ìṣirò owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó jẹ́ akọ̀wé fún. Ó tán. Lẹ́yìn èyí ni mo wá bi í ní àwọn ìbéèrè tí ọlọ́jà kì í béèrè. Wákàtí mélòó ni iná ń wà ní àdúgbò yín lóòjọ́? Inú ọkọ̀ akérò ni o ó ti máa gbé e ni, tàbí ilé ni yóò máa wà? Ibo ni yóò máa sùn tí ọwọ́ ọmọ kò fi ní tó o? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bébà yẹn ni a ká pọ̀ mọ́ owó tí a sì mú lọ sí ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ yìí bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un, nítorí èdè àwọn ọlọ́jà a máa dẹ́rù bani láìnídìí. Ohun tí wọ́n ń pè ní RAM dà bí tábìlì ilé ìdáná, níbi tí ẹ̀fọ́, ẹran àti èlùbọ́ jọ wà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ bá ń se oúnjẹ. Bí tábìlì bá kéré, ẹ ó máa gbé ọ̀kan kúrò kí ẹ tó gbé òmíràn sí i, oúnjẹ kò sì ní tètè jinná. Ibi ìpamọ́ ẹ̀rọ náà, yálà SSD tàbí hard disk, ni àká tí ẹ ń kó oúnjẹ sí. Àká lè tóbi títí, bí tábìlì bá há, ìdáná yóò falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni ó máa ń pariwo àká, tí kì í dárúkọ tábìlì.

Fún irú iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí, RAM 8 GB ni ó kéré jù tí mo lè gbà yín níyànjú láti rà. Bí owó bá ká a, 16 GB yóò tọ́jọ́. Lóòótọ́, àwọn tí ó ṣe Windows 11 sọ pé 4 GB tó fún un láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tó bí yàrá kan ṣe tó fún ènìyàn mẹ́jọ: wọn yóò sùn, wọn kò kàn ní lè na ẹsẹ̀ ni. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá RAM náà ṣe é fi kún lẹ́yìn ọ̀la, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ òde òní, ńṣe ni wọ́n jó o mọ́ pátákó inú rẹ̀, kò ṣe é yọ. Ní ti àká, SSD 256 GB tó olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ yẹra fún èyí tí a kọ eMMC 64 GB sí lára. Windows nìkan pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tí ó máa ń gbà lóòrèkóòrè yóò jẹ apá púpọ̀ nínú rẹ̀, àwòrán àti ìwé yín kò sì ní rí ibi jókòó. Hard disk àtijọ́, tí ó ní àwo tí ń yí nínú bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, máa ń gba nǹkan púpọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, bí ó bá sì jábọ́ nígbà tí ó ń yí, ohun inú rẹ̀ lè bàjẹ́. SSD kò ní ohunkóhun tí ń yí nínú. Nínú ilé tí ọmọdé ń sáré kiri, ẹ ti mọ èyí tí mo fẹ́.

Ọpọlọ ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń pè ní processor, ni ìtànjẹ pọ̀ sí jù. Ènìyàn yóò gbọ́ i7, yóò rò pé ó ga ju i3 lọ nígbà gbogbo. Ìran tí ọpọlọ náà jẹ́ ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Nínú nọ́ńbà bí i3-1215U, 12 tí ó ṣáájú ni ó fi hàn pé ìran kejìlá ni. Nínú i7-4600U, ìran kẹrin ni. Ọdún 2013 ni ìran kẹrin dé, ìran kejìlá kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde títí di 2021. Àbúrò yìí yóò fi ẹ̀gbọ́n yẹn sẹ́yìn láìlàágùn. Láti òpin 2023 ni Intel ti ń lo orúkọ mìíràn bíi Core 5 àti Core Ultra 5, ti AMD sì ń jẹ́ Ryzen. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ fi fóònù yín wo ọdún tí ó jáde. Ọ̀rọ̀ ìran yìí kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 dúró. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì fàyè gba ọpọlọ Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ nínú páálí lè máa dán bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lọ.

Bátìrì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí jù lọ, nítorí ibi tí a ń gbé. Ẹni tí ó wà ní ìlú tí iná kì í lọ lè fojú fò ó. Àwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀rọ tàbí lára páálí rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí Wh wà lẹ́yìn rẹ̀: 38, 42, 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń kọ̀wé lè máa jẹ iná tí ó tó wọ́ọ̀tì 8. Bí bátìrì bá jẹ́ 42 Wh, ẹ pín 42 sí ọ̀nà 8, ẹ ó rí wákàtí márùn-ún àti díẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ojú rẹ̀ tàn gan-an tí ẹ sì ń wo fídíò, ó lè jẹ wọ́ọ̀tì 12, wákàtí mẹ́ta àbọ̀ sì ni ẹ ní. Ìṣirò tí ìyá aláta lè ṣe ni, ṣùgbọ́n òun ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ alẹ́ yín yóò parí kí ẹ̀rọ tó kú. Ọlọ́jà tí ó bá ní, “Wákàtí mẹ́wàá ni, mà,” ẹ ní kí ó fi Wh rẹ̀ hàn yín. Ẹ wo ṣájà náà pẹ̀lú. Ti ẹ̀rọ kékeré kì í sábà ju wọ́ọ̀tì 45 tàbí 65 lọ, inverter kékeré yóò sì gbé e. Bí ó bá jẹ́ USB-C ni ẹ̀rọ náà fi ń gba iná, tí ẹnu rẹ̀ jọ ti fóònù òde òní, kò ní ṣòro láti rí òmíràn rà bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, bí wọ́ọ̀tì rẹ̀ bá ṣáà ti tó.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà, a sọ̀ ní Agége, a sì ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ dé Ìkẹjà. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé Computer Village rí, ẹ múra sílẹ̀. Òpópónà Ọ̀tígbà ni ojúlé ọjà náà, ó sì ti tàn dé Ọlá-Ayẹni, Pepple àti Medical Road. Kí ẹsẹ̀ yín tó kan ilẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yóò ti yí yín ká: “Màmá, kí lẹ fẹ́ rà?” Ẹ má bínú sí wọn, oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó fún ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, kò ní ilẹ̀kùn tí ẹ ó padà wá kàn.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí a wọ̀, ọmọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ dùn gbé ẹ̀rọ dúdú ńlá kan síwájú wa, tí iná pupa àti àwọ̀ ewé ń tàn lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ní èyí ni àwọn tó mọ nǹkan ń rà. Mo gbé e wò: ó lé ní kìlógíráàmù méjì, ṣájà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ tó bíríkì, wọ́ọ̀tì 180 ni a kọ sí i lára. Géèmù ni wọ́n ṣe é fún, géèmù kò sì sí nínú bébà wa. Ó gbé kékeré kan jáde, aláwọ̀ òdòdó rírẹwà. Ojú ìyàwó mi tàn. Mo yí i padà: 4 GB, eMMC 64 GB. A dá a padà sórí àtẹ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Ó bá bébà wa mu lọ́nà gbogbo, ó wà nínú páálí, owó rẹ̀ sì dín díẹ̀ sí ohun tí a ti gbọ́ níbòmíràn. Ọmọ náà ní tuntun ni. Ọwọ́ ìyàwó mi ti wà nínú báàgì. Mo ní kí wọ́n tan án. Ó tàn, ó sì bọ́ sí ojú iṣẹ́ tààrà láìbi wá ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí yóò kọ́kọ́ béèrè orílẹ̀-èdè àti èdè yín. Ọmọ náà ní òun ni òun ti bá wa ṣètò rẹ̀, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Mo wá ṣí ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní Command Prompt, mo tẹ powercfg /batteryreport, ẹ̀rọ náà sì kọ ìròyìn bátìrì ara rẹ̀ jáde. Agbára tí wọ́n fi bátìrì náà ṣe láti ilé iṣẹ́ jẹ́ 42,000. Èyí tí ó ṣì lè gbà jẹ́ 31,000 àti díẹ̀. Iye ìgbà tí wọ́n ti gba iná sí i jẹ́ 287. Ẹ̀rọ tuntun wo ni ó ti jẹ iná nígbà 287?

Kò sí ariwo. Mo fi hàn án, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì wo òde. Ìyàwó mi rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú báàgì, a kí wọn pé ó dàbọ̀. Nígbà tí a jáde, kò sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ dé ìkángun òpópónà náà. Ó wá ní, “Oṣù mẹ́rìnlá, Ẹ̀gbọ́n mi.” Mo ní mo gbọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò kórìíra tòkunbọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun lò fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n tà á ní orúkọ àlòkù àti ní owó àlòkù, lè sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, mo sì mọ ìyàwó ilé tí ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí a fi owó tuntun ra àlòkù. Òfin náà kò fẹ́ ẹ: òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ní kí ẹni tí ó bá ń ta ọjà àtúnṣe tàbí àlòkù fi í hàn gbangba, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí ó lábùkù padà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí pátákó tí wọ́n kọ “Ọjà tí a bá tà kò ní ìdápadà” sí pa yín lẹ́nu mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù kẹrin ni a ti rà. Wọ́n gé páálí lójú wa, ẹ̀rọ náà béèrè orílẹ̀-èdè bí ó ti yẹ, a sì fi dátà fóònù mi ṣètò rẹ̀. Ó gbà wá ní nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín nídìí èyí. Ìyàwó mi tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣí i, ó pa á dé, ó wo ara rẹ̀ nínú kámẹ́rà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Nọ́ńbà 1920 × 1080 ni ti ojú rẹ̀, èyí tí lẹ́tà fi hàn kedere ju 1366 × 768 lọ. Ẹni tí yóò máa kàwé ní òru gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀. Mo sì fi hàn án pé Windows ní ètò ìtẹ̀wé èdè Yorùbá nínú, tí kò gba owó kankan. Ẹ kàn lọ sí ibi ètò èdè, kí ẹ fi Yorùbá kún un, àwọn ọmọ kíláàsì yín kò sì ní máa rí “oko” níbi tí ó yẹ kí ẹ kọ “ọkọ̀”.

Nígbà tí ọlọ́jà fẹ́ kọ rìsíìtì, ó béèrè orúkọ. Ìyàwó mi ní kí ó kọ orúkọ ọkọ òun. Mo ní, “Ta ló dá àjọ?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀. Ìjà tọkọtaya kọ́ ni mo ń dá sílẹ̀ o. Àbúrò mi ni ọkọ rẹ̀, ọmọlúàbí sì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ní oṣù kẹfà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e lọ, kò sì yẹ kí wọ́n ní kí ó lọ mú ọkọ rẹ̀ wá. Kí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní serial number, wà lórí rìsíìtì náà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà ni ó ní ojúlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti lè tẹ nọ́ńbà yìí, kí ẹ rí ọjọ́ tí wáráńtì bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ẹ bi ọlọ́jà ní ìdí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tí yóò bá yín rà á, ẹ béèrè bóyá wáráńtì rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn. Ti iná kò le: ọ̀pọ̀ ṣájà ni ó ń gba 100 dé 240 fólìtì, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ ó wá ohun tí yóò bá ihò ògiri wa mu fún. Èyí tí ó bá ti Kútọnu wá, ẹ wo bọ́tìnnì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí A bá wà níbi tí Q máa ń wà, ti àwọn elédè Faransé ni, yóò sì máa da ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì láàmú.

Wọn yóò fẹ́ ta nǹkan mìíràn mọ́ ọn fún yín. Ẹ kò nílò láti san owó òògùn kòkòrò kọ̀ǹpútà. Windows ní tirẹ̀ nínú. LibreOffice ń ṣe ìwé àti ìṣirò owó lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tó iṣẹ́ olùkọ́. Owó tí ẹ bá fi pamọ́ níbẹ̀, ẹ fi ra báàgì tí ó ní tìmùtìmù, ohun èlò tí ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná àìdọ́gba, àti fíláàṣì kan tí ẹ ó máa da iṣẹ́ yín kọ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọkọ tàbí ọmọ yóò bá bá yín lò ó, ẹ ṣí ààyè ọ̀tọ̀ fún oníkálukú nínú Windows, kí ìbéèrè ìdánwò má baà di àwòrán ológbò.

Páálí rẹ̀ ń kọ́? Àbúrò mi fẹ́ kó o dànù ní ọjọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ ti tì í sí abẹ́ ibùsùn, rìsíìtì sì wà nínú rẹ̀, títí ọdún kan wáráńtì yóò fi pé.